Kọ̀ǹpútà Orí Àjà

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó sójú kan. Ìyá mi sọ ọ́ títí ó fi sú u, ọkọ mi ló ń sọ ọ́ báyìí, pé bí wọ́n bá so mí mọ́ àga, màá gbé àga náà rìn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó yẹ kí irú mi sá fún gan-an ni mo lọ yàn. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní Agric, ní Ìkòròdú, kì í sì í ṣe àwọn tuntun. Àwọn tuntun ní ibi tí wọ́n ń gbé wọn lọ. Àwọn arúgbó ni tèmi, àwọn tó jẹ́ pé bí o bá tẹ bọ́tìnì wọn, o lè lọ pọn omi kí o sì padà dé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ronú. Iṣẹ́ dídúró ni. Sọ́fúwíà tó ń tún háàdì dísìkì ṣe, bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ọmọ aráyé lè ṣe sí i ju kó máa wò ó lọ. Ìlà aláwọ̀ ewé kan á máa fà lójú ẹ̀rọ bí ìgbín. Èmi á dìde, màá jókòó, màá tún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti gbá gbá, màá jáde lọ bá oníbọ̀lì tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi jà pé kó gbé ààrò rẹ̀ sẹ́yìn, èéfín rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀rọ àwọn oníbàárà mi. Ojoojúmọ́ la máa ń ja ìjà yẹn. Bí a ò bá jà á, ara mi kì í yá.

Lọ́jọ́rú kan, iná ti wà láti àárọ̀, inú mi sì ń dùn nítorí rẹ̀, ni màmá àgbàlagbà kan bá wọlé. Ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ọsàn, ó fọwọ́ méjèèjì gbá báàgì kan mọ́ àyà.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe? Mo rò pé ọkùnrin ni."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ta ló sọ fún yín pé ọkùnrin ni?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní Ìpakodò ló júwe ibí fún mi. Ó ní ẹni náà mọṣẹ́, àmọ́ ó máa ń kanra."

"Èmi náà nìyẹn, mà. Ẹ jókòó."

Ó jókòó, ó ṣí báàgì, ó fa nǹkan kan yọ tó fi ìborùn wé, tó tún fi ọ̀rá dúdú wé lórí ìborùn. Kó tó tú u tán, òórùn ẹja yíyan ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Háàdì dísìkì ni, irú ti àtijọ́ tó wúwo bíi bíríkì. Ó ní Ẹ̀pẹ́ lòun ti wá, òwò ẹja yíyan lòun ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá òun àti ìyá ìyá òun ṣe. Èmi wá sọ ọ́ nínú ara mi pé àpò ẹja ló fi gbé e wá. Ó ní ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò àwọn ló yọ ọ́ fún òun, tó ní inú ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ wà, kí òun má wulẹ̀ gbé ìyókù.

"Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀ ń wá, mà?"

"Ọmọ mi ni."

Mo gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀.

"Ohùn ọmọ mi," ó ní. "Òun ló ni kọ̀ǹpútà yẹn. Ó fi ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀, á ní òun ń gba ohùn òun sílẹ̀. A tiẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti rí ọkọ kejì. Àìsàn kékeré báyìí ló mú un lọ. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń rákò nígbà náà."

Ó fi etí ìborùn nu ojú. Ọmọ tó ń rákò ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ ní Sátidé, ọkọ á sì mú un lọ sí Kàdúná. Bàbá rẹ̀ wà láyé, ọmọ náà á kúnlẹ̀ gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún kúnlẹ̀ níbi tó yẹ kí ìyá jókòó sí.

"Kò mọ ohùn ìyá rẹ̀," Màmá ní. "Kò rántí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ kó tó kúrò nílé mi. Bó jẹ́ 'káàárọ̀' nìkan ló wà níbẹ̀, mo fẹ́ kó gbọ́ ọ."

Fóònù rẹ̀ dún nínú báàgì. Ó gbé e, ohùn ọmọbìnrin kan bẹ́ jáde tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi gbọ́: "Màmá! Ẹ dà? Ẹja ti dé o, ṣé kí n máa gbé e sórí iná?" Màmá ní kó gbé e, ó pa fóònù. "Òun nìyẹn. Ariwo nìkan ló mọ̀ ọ́n pa." Ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí: ọmọ gíga, adúmáadán, iwájú orí rẹ̀ yọ díẹ̀. Mo ní ó rẹwà. "Bàbá rẹ̀ ló jọ délẹ̀délẹ̀," Màmá ní. "Ojú, ìrìn, ọmọ ìka ẹsẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò á jọ kíjìpá. Èyí kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ kíjìpá rárá. Ọmọ mi lọ, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi lára ọmọ yẹn." Mo fẹ́ fi ṣàwàdà, àmọ́ mo rí ojú rẹ̀, mo kọjú sí iṣẹ́ mi.

Mo so dísìkì náà mọ́ ẹ̀rọ mi. Wáyà irú rẹ̀ fẹ̀ bí ìgbànú, kò bá ti òde òní mu, àfi kéèyàn fi ìsopọ̀ kan sáàárín wọn. Sọ́fúwíà rí i. Ìlà aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Màmá fa àga tì mí, ó na ọrùn sí i. Kò pẹ́, ìlà dúró, ẹ̀rọ gan. Mo pa á, mo tan án, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró. Mo yọ wáyà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo dá a padà síbẹ̀. Ó rìn, ó rìn, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ni wọ́n bá mú iná lọ.

Mo lọ fa jẹnẹrétọ̀. Kò dáhùn. Mo fà á títí èjìká fi ń ro mí, oníbọ̀lì ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dáhùn, a tún bẹ̀rẹ̀, ìlà náà sì tún dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, sọ́fúwíà kọ ọ́ gàdàgbà sójú ẹ̀rọ pé àwọn ojú kan ti kú lára dísìkì, ṣé kí òun tún gbogbo rẹ̀ ṣe? Bọ́tìnì kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó tóbi, ó ń dán, ó ń pe ìka mi. Ọlọ́run ló mú ìka mi dúró. Mo mọ ohun tí sọ́fúwíà yẹn ń pè ní àtúnṣe. Ohun tí kò bá yé e, á gé e dànù, á kọ nǹkan mìíràn lé e lórí, á wá ní ara dísìkì ti yá. Ara dísìkì á yá lóòótọ́. Ohun tí a torí rẹ̀ wá ni kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

"Ó ní òun á tún un ṣe," Màmá ní. Ó kàwé díẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́."

"Màmá, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó lè pa ohùn yẹn rẹ́."

"Bó ṣe wà yìí ńkọ́, ṣé mò ń gbọ́ ọ? Tẹ̀ ẹ́ jàre, ọmọ yìí!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Yìgì kì í dúró de ẹ̀sọ̀."

Èmi! Èmi ni mò ń bẹ ẹlòmíràn pé kó ṣe sùúrù. Bí ọkọ mi bá gbọ́, kò ní jẹun mọ́, ẹ̀rín lá máa rín.

Mo tún un gbìyànjú títí gbogbo ara fi ń yún mi. Mo bú sọ́fúwíà náà, mo bú ẹni tó kọ ọ́. Mo gbé ẹ̀dà mìíràn sórí ẹ̀rọ, ìyẹn náà rìn díẹ̀, ó gan. Màmá dìde, ó jáde, ó wọlé, ó jókòó, ó tún dìde. Àwa méjèèjì ń sáré yí ara wa ká nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò gba ẹni kan dáadáa. Ibi tí mo ti ń yà fún un ni nǹkan kan ti wá sí mi lọ́kàn. Ìlà yẹn kì í dúró síbì kan náà. Ó dúró ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dúró láàárín, ó dúró nígbà tó kù díẹ̀. Bí kòtò bá wà lójú títì, ibì kan náà ni gbogbo mọ́tò á ti máa kó sí i. Bí ojú kan bá kú lára dísìkì, ojú kan náà ló yẹ kí sọ́fúwíà ti máa kọsẹ̀. Èyí ń kọsẹ̀ níbi tó bá wù ú. Á jẹ́ pé ojú títì kọ́ ló bàjẹ́, mọ́tò ló ń ṣe ségesège. Bóyá ìsopọ̀ mi ni kò bá a mu, tí kọ̀ǹpútà tó ni dísìkì yìí á sì lè kà á.

"Màmá, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti yọ èyí dà?"

"Ó wà nílé. Mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

"Ṣé ẹnì kan lè bá wa gbé e wá?"

"Ta ni? Nínú ilé ìyàwó, tí iṣẹ́ ti kún ọwọ́ gbogbo èèyàn?"

Mo wo ògiri. Mo wo ìta. Ẹsẹ̀ ń yún mi. Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo kó mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ kan, pátákó ìtẹ̀wé, sípíkà kékeré méjì, àti CD àwọn sọ́fúwíà tó ti pẹ́ sínú báàgì Gánà-mọ́sì-gò, mo ti ilẹ̀kùn. Oníbọ̀lì ní, "Ṣé o ń kó lọ ni?" Ó dà bíi pé inú rẹ̀ ti ń dùn.

Ọ̀nà Ìtóìkín la gbà. Mo gbé mọ́nítọ̀ lé itan, báàgì wà lẹ́sẹ̀ mi, mi ò lè na ẹsẹ̀, mi ò lè yí. Ìyà ni. Mo ń bínú sí awakọ̀, mo ń bínú sí ẹni tó dá a dúró láti sọ̀kalẹ̀, mo ń bínú sí igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Màmá fi ọwọ́ bo báàgì rẹ̀ níbi tí dísìkì wà. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́, bí ẹni pé kò fẹ́ kí àwọn èrò mìíràn gbọ́.

"Mo parọ́ fún ọ díẹ̀. Mo ní torí ọmọ yẹn ni."

"Kí ló dé, mà?"

"Èmi gan-an ti gbàgbé ohùn rẹ̀. Mo rántí ojú rẹ̀. Mo rántí bó ṣe ń de gèlè. Bí mo bá dùbúlẹ̀, tí mo ní kí n rántí bó ṣe máa ń pè mí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá wo ló ń gbàgbé ohùn ọmọ rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo di mọ́nítọ̀ mi mú títí a fi dé Ẹ̀pẹ́.

Ilé wọn kò jìnnà sí ọ̀sà. Ọmọ tí mo rí nínú fọ́tò wà ní ẹ̀yìnkùlé nídìí ààrò, ó ró ìró mọ́ àyà, ó ń yí ẹja. Ó kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí," ó dìde, ó padà sídìí iná, àtìgbà náà ló sì ti ń pariwo láti ibẹ̀. Màmá, igi ò tó o! Màmá, atẹ tó kù dà? Màmá náà á pariwo padà. Bí ilé náà ṣe rí nìyẹn, kò sí ẹni tó ń rìn lọ bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀.

"Kọ̀ǹpútà ọ̀hún dà, mà?"

Ó mú mi lọ sí ilé ìdáná àtijọ́, ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja nígbà òjò. Ó nàka sókè. Mo gbé ojú sókè. Lórí àjà, lókè ààrò gan-an, láàárín ṣírí àgbàdo àti agbọ̀n ẹja gbígbẹ, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ó jókòó sínú àpò ìrẹsì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Yéè! Màmá! Orí àjà?"

"Níbo ni kí n gbé e sí? Etí ọ̀sà la wà. Bí o bá gbé irin sílẹ̀ níbí, á dípẹtà. Bí o bá gbé aṣọ sílẹ̀, á bu. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ohun tí a bá gbé sórí àjà kì í bàjẹ́, kòkòrò kì í jẹ ẹ́."

"Màmá, ẹ ti yan kọ̀ǹpútà!"

Inú bí i. "Ẹja tí mo bá yan, á dé Kàdúná, kò ní rùn."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú mi. Kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó sì tọ̀nà, nítorí ohun tó fẹ́ràn jù lọ ló gbé síbi tó mọ̀ pé ohun kì í ti í bàjẹ́. Ẹ̀yìn náà ni inú wá bí èmi náà. Èmi tí mò ń bá oníbọ̀lì jà nítorí èéfín lójoojúmọ́, mo gbọ́ òórùn èéfín lára dísìkì, mo ní àpò ẹja ni!

A gbé e lọ sí pálọ̀, mo tú u. Òróró ẹja tí èéfín gbé ti lẹ̀ mọ́ gbogbo inú rẹ̀. Mo fi òwú kan sínú sípíírítì, mo fi nu àwọn irin wẹ́wẹ́ tí wáyà ń kì bọ̀ lára dísìkì, òwú náà pọ́n bí omi tíì. Ohun tó ń dá wa dúró ní Ìkòròdú nìyẹn. Iná á fẹ́ kọjá, òróró ò ní jẹ́ kó kọjá. Mo nù ún títí òwú fi ń jáde ní funfun. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì lé èérí kúrò lára ìyókù, mo so dísìkì padà sínú rẹ̀, mo tan kọ̀ǹpútà náà, ó ké gbọọrọ bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo yọ ráàmù, pátákó ìrántí kékeré inú rẹ̀, mo fi klíínà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa léèdì rẹ́ fá ẹnu rẹ̀ dáadáa, mo dá a padà. Ó ké lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì jí.

Sọ́fúwíà tuntun kò bá a mu, ó ní ẹ̀rọ náà ti dàgbà jù. Mo fi píìnì híjáàbù Màmá ṣí ojú CD tó ti lẹ̀ pa, mo ki ẹ̀dà àtijọ́ bọ̀ ọ́. Ojú ẹ̀rọ di búlúù. Ó bi mí bóyá kí òun tún dísìkì ṣe. Mo ní rárá o, kà á nìkan, má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Mo dìde. Mo jókòó. Mo lọ wo ọ̀sà, mo padà, ìlà ṣì ń rìn. Màmá ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ kíákíá, bí ẹni ń lé e. Ìlà kọjá gbogbo ibi tó ti ń kú sí. Ó dé òpin. Mo pariwo, "Halelúyà!" Màmá pariwo, "Alihamudulilahi!" Ọmọ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé pariwo, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Yan ẹja rẹ!" Màmá ní. Kò fẹ́ kó mọ̀ títí a ó fi rí i.

Àwọn ohùn náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú àpamọ́ kan ṣoṣo. Mo tẹ èyí àkọ́kọ́, ariwo ṣìì nìkan ló ń ti inú sípíkà jáde. Mo tẹ èkejì, ṣìì ni. Èyí tó tẹ̀ lé e kọ̀, kò ṣí. Mo tẹ òmíràn, mo tẹ òmíràn. Ojú ń tì mí láti wo ẹ̀yìn. Màmá mí kanlẹ̀, ó dìde, ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti kẹ̀yìn sí mi, nígbà tí mo tún tẹ ọ̀kan.

"Màmá! Màmá o! Ẹja yín mà ń jóná!"

"Ṣé ọwọ́ rẹ rọ ni?" Màmá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. "Yí i padà! Àbí èmi ni màá máa bá ọ yí ẹja títí dé ilé ọkọ?"

Inú ń bí èmi náà. Mo ní ọmọ yìí kò ní jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan.

Láti ìdí ààrò, ọmọ náà dáhùn: "Kí n yí kí ni padà, Màmá? Èmi ò pè yín o."

Mo wo ojú ẹ̀rọ. Ìlà ohùn ṣì ń mì níbẹ̀. Láti inú sípíkà, ọmọ ọwọ́ kan ń sunkún, obìnrin kan sì dáhùn láti òkèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín, "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀!" Ohùn Màmá fúnra rẹ̀ ni, nígbà tí kò tíì dàgbà tó báyìí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Kò yíjú padà.

Ọmọ náà wọlé, èérú wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Àǹtí, ta ló ń pe Màmá?"

Mo tún tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó gbọ́ ọ, ó wò mí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo lẹ gba ohùn mi sílẹ̀?"

"Ìyá rẹ nìyẹn," Màmá ní láti ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ síwájú sípíkà kékeré náà pẹ̀lú èérú ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Mo ń sunkún nígbà yẹn, mi ò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Màmá wá jókòó tì mí, ó fa híjáàbù bo ojú. Mi ò mọ bí a ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ kí òórùn tó dé. Ọmọ náà fò dìde, ó sáré jáde.

"Màmá! Màmá o! Ẹja yín mà ti jóná!"

Mo ti dìde láti sáré lọ ràn án lọ́wọ́, mo ti la ẹnu láti dáhùn, nígbà tí Màmá gbá ọwọ́ mi mú.

"Jókòó," ó ní. "Má dá a lóhùn. Jẹ́ kó tún pè mí."